Iṣẹ́ físíò: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tí kò tó o

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wọ yàrá físíò (ìtọ́jú tí wọ́n fi ń mú iṣan, oríkèé àti ìrìn padà bọ̀ sípò) fún ìgbà àkọ́kọ́ ló ń retí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ tó ń wọ́ ara, àti ẹ̀rọ tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Wọ́n á dùbúlẹ̀, ara á fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n á dìde, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ìtọ́jú bá dá lórí èyí nìkan, apá tó kéré jù nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n sanwó fún. Apá tó ń mú ara padà bọ̀ sípò kì í sábà ní ẹ̀rọ nínú: àyẹ̀wò tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe ni, àti ìdárayá tí wọ́n wọ̀n bí oògùn, tí wọ́n sì ń fi kún un bí ara bá ṣe ń gbà á. Ojú yẹn la fi wo iṣẹ́ físíò níbí.

Ìjókòó àkọ́kọ́

Òun ló ń sọ bí gbogbo ìyókù ṣe máa rí. Ó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, kí ìbéèrè sì gba bí ìdajì rẹ̀. Ìgbà wo ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀? Kí ló ń mú un le, kí ló ń mú un rọlẹ̀? Bó bá ń jí yín lóru, ṣé torí pé ẹ yíra padà ni, àbí ó kàn ń ro ṣáá bí ẹ tiẹ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́? Láàárọ̀, ìṣẹ́jú mélòó ni oríkèé fi ń gan kó tó tú? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí dà bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n orúnkún tó gan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí èèyàn jí yàtọ̀ sí ọwọ́ méjèèjì tó gan fún wákàtí kan. Ti àkọ́kọ́ wọ́pọ̀ lára oríkèé tó ti ń gbó. Ti kejì lè jẹ́ àìsàn tí ara fi ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà, dókítà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rí i.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu ló kan wíwọ̀n. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn igun wo bí orúnkún ṣe ká tó àti bó ṣe nà tó. Á ṣe é fún ẹsẹ̀ tó ń dùn àti èyí tí kò dùn, nítorí ẹsẹ̀ yín kejì ni òdiwọ̀n yín, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Á dán agbára iṣan wò, á fún un ní máàkì láti 0 dé 5: 0 túmọ̀ sí pé iṣan ò mira rárá, 3, ó lè gbé ẹsẹ̀ sókè fúnra rẹ̀ ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti wálẹ̀, 5, ó pé. Á ní kí ẹ máa dìde lórí àga kí ẹ sì máa jókòó padà fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìfọwọ́ ti nǹkan kan, á sì kà á. Á wo ìrìn yín láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí ló gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, torí òun ni wọ́n máa fi mọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Níbi tí wọn ò bá ti wọn ohunkóhun, “ó ti ń sàn” tí wọ́n ń sọ kò ju ìwúrí lásán lọ.

Iṣẹ́ kejì ìjókòó yìí ni kó dá ẹni tí físíò kò tọ́ sí mọ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí abẹ́ àti àárín itan rẹ̀ sì kú, tí ìtọ̀ kò jáde mọ́ tàbí tó ń jáde láìmọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ sí i, ọ̀dọ̀ dókítà pàjáwìrì ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó sì ń dùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ìrìn àjò tó gùn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ́ ọ. Ìrora ẹ̀yìn tó bá ibà rìn, tàbí tó wá pẹ̀lú rírù tí kò nídìí, tàbí tó bá ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, dókítà ló kàn. Físíò tó dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ti ṣiṣẹ́ tó tó owó rẹ̀, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn yín.

Fún ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́, ìlànà kan wà tí àwọn dókítà gbé jáde nílùú Ottawa ní Kánádà ní 1992. Bí ẹni náà kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin nígbà tó fara pa àti nígbà àyẹ̀wò, tàbí tí kókósẹ̀ tinú tàbí ti òde bá ń dùn bí wọ́n bá tẹ ẹ̀yìn egungun rẹ̀ tàbí ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀, kó lọ ya X-ray kí ìdárayá kankan tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tún tẹ egungun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ ọmọ ìka tó kéré jù, nítorí ó máa ń kán pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́ láìjẹ́ pé èèyàn fura. Kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe é.

X-ray àti MRI (ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya fọ́tò inú ara) ní ìṣòro tiwọn nígbà tó bá kan ẹ̀yìn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 kó fọ́tò ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá jọ: láàárín àwọn ẹni 20 ọdún, ìdá 37 nínú 100 ni ìrọ̀rí àárín egungun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó, láàárín àwọn ẹni 80 ọdún, ó dé 96. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé fọ́tò síwájú yín, tó ní “ẹ wò ó, ẹ̀yìn yín ti jẹ” kó tó fọwọ́ kàn yín, ẹ̀rù ló ń tà fún yín. Ohun tí ẹ bá sì ti ń bẹ̀rù, ẹ ò ní fẹ́ mi ín, èyí tí ẹ ò bá mì á gan sí i.

Ìdárayá

Ibí ni gbogbo nǹkan wà, ẹ jẹ́ ká sì mú ẹyọ kan ká wò ó fínnífínní. Iṣan Achilles ni okùn líle tó wà lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀, tó so iṣan ẹsẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀. Ẹni tó ṣàdédé fi kún eré tó ń sá tàbí ìrìn tó ń rìn ló sábà máa ń dùn. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ á gan, á dùn, á sì tú lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ okùn náà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 lókè gìgísẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ki ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ.

Ní 1998, Håkan Alfredson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden gbé ìdárayá kan jáde fún un, wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ dúró sí etí àtẹ̀gùn, kí iwájú ẹsẹ̀ nìkan wà lórí rẹ̀, kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú, kí ẹ sì di nǹkan mú. Ẹ fi ẹsẹ̀ tí kò dùn gbé ara sókè. Ẹ wá gbé gbogbo ìwúwo ara sórí ẹsẹ̀ tó ń dùn, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì kúrò nílẹ̀. Ẹ sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, títí yóò fi rẹlẹ̀ ju etí àtẹ̀gùn lọ. Ẹsẹ̀ tí kò dùn ni kó tún gbé yín padà sókè. Ẹ ṣe 15, ẹ sinmi díẹ̀, títí abala mẹ́ta yóò fi pé, kí orúnkún nà gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, abala mẹ́ta mìíràn, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, torí iṣan méjì ló pàdé nínú okùn yẹn, ti ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ sì ń pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ jù bí orúnkún bá tẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìyẹn jẹ́ 180 lójúmọ́. Nígbà tí kò bá dùn mọ́, ẹ kó nǹkan tó tó kílò 5 sínú àpò tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ sì máa bá a lọ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ṣòro láti rí. Àwọn kan ń já gìgísẹ̀ sílẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ sì ni sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ gan-an ni iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn ń dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta nítorí ó ṣì ń dùn, nígbà tó jẹ́ pé okùn iṣan kì í yára tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì tíì sí ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè sọ. Ẹni tí ìrora tirẹ̀ wà ní ojú gìgísẹ̀ gangan, níbi tí okùn náà ti wọ egungun, kò gbọdọ̀ sọ gìgísẹ̀ rẹlẹ̀ ju àtẹ̀gùn lọ rárá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni kó ti ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, egungun á máa tẹ okùn yẹn mọ́lẹ̀. Físíò tó bá fún ẹni méjèèjì ní bébà kan náà kò wo ẹsẹ̀ wọn dáadáa. Ẹni tí 180 lójúmọ́ pọ̀ jù fún lè gbé ìwúwo ńlá jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ dípò rẹ̀; nígbà tí wọ́n fi méjèèjì wéra, àbájáde wọn kò jìnnà síra, àwọn tó ń gbé ìwúwo ni inú wọn sì dùn jù.

Ohun tó yẹ kí gbogbo físíò fi lé yín lọ́wọ́ ni òfin ìrora. Bí 0 bá jẹ́ àìsí ìrora, tí 10 sì jẹ́ èyí tó burú jù, ìrora tí kò ju 5 lọ nígbà ìdárayá kò burú fún okùn iṣan, bó bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, tí òwúrọ̀ yín kò sì le sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dín in kù, ẹ má pa á tì. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé “bó bá ti dùn, dáwọ́ dúró” kì í lágbára padà láéláé. Ẹni tí wọ́n sì sọ fún pé “fara dà á” á tún fara pa. Láàárín méjèèjì ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà, ohun tí a bá sì fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí agbára tó yára dé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàn yín. Ọpọlọ àti okùn tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí iṣan ló kọ́kọ́ ń kẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe máa pe iṣan sí iṣẹ́. Ẹran iṣan fúnra rẹ̀ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó hàn pé ó ti nípọn. Ìdí rèé tí ibi tó bá ṣèlérí ìwòsàn ní ọjọ́ mẹ́ta fún ohun tó ti ń dùn láti oṣù mẹ́fà fi yẹ fún ìfura.

Ìdárayá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Bébà tó ní àwòrán méjìlá lójú ewé kan, tí kò sọ iye, tí kò sọ ìgbà tí ẹ máa fi kún un, wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, òun sì ni ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń pa á tì sínú dúrọ́ọ̀.

Ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́

Dókítà Gabe Mirkin ní Amẹ́ríkà ló kó ìsinmi, yìnyín, dídì àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè pọ̀ sábẹ́ orúkọ RICE ní 1978. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá sọ lẹ́yìn náà pé yìnyín àti ìsinmi pátápátá lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, dídì pẹ̀lú báńdéèjì tó ń fà àti gbígbé ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ wúlò fún wíwú. Ẹ lè lo yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé fún ìṣẹ́jú 15 láti pa ìrora, kì í ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn ni oògùn, àní bó bá gba pé kí ẹ fi ọ̀pá tì í.

Ìtẹ̀lé tó dára rí báyìí: ẹ máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ lẹ́tà A dé Z sínú afẹ́fẹ́ nígbà tó ṣì wú, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé gìgísẹ̀ sókè nígbà tí ẹ bá lè dúró, ẹ wá dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ojú dídì, kí ògiri wà nítòsí, ẹ fi ẹsẹ̀ kan gbé gìgísẹ̀, ní ìkẹyìn, fífò àti yíyí padà lójijì. Ọ̀pọ̀ jù ń dúró nígbà tí wíwú bá lọ, ìyẹn kí wọ́n tó dé ibi ojú dídì. Iṣan tó ń so egungun mọ́ egungun níbẹ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ẹsẹ̀ wà. Bó bá ya, ìròyìn yẹn máa ń pẹ́ dé. Ìdí rèé tí ẹsẹ̀ kan náà fi ń rọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Físíò tó bá tú yín sílẹ̀ láì tíì rí i kí ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan kò tíì parí iṣẹ́.

Orúnkún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Káká kí wọ́n máa sáré sí kíká orúnkún, nínà rẹ̀ tán ni kí wọ́n kọ́kọ́ lé. Orúnkún tí kò nà dé 0 á máa mú èèyàn tiro, iwájú itan á máa ṣiṣẹ́ àṣekún ní gbogbo ìṣísẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nílé ni ìrọ̀rí tí wọ́n ń fi sábẹ́ orúnkún. Ó dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ orúnkún láti máa tẹ̀. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni kí ẹ fi táwẹ́lì tí ẹ ká sí, kí orúnkún máa rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ fi ti iwájú itan kún un: ẹ na ẹsẹ̀, ẹ fún iṣan iwájú itan pọ̀ bí ẹni fẹ́ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì, ẹ mú un fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tú u, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ fi ọwọ́ kàn án: bí iṣan náà kò bá le lábẹ́ ọwọ́ yín, kò tíì ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wíwú inú orúnkún máa ń pa iṣan yìí lẹ́nu mọ́, nítorí náà dídín wíwú kù jẹ́ ara ìdárayá.

Fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé orúnkún wọn, dígírì 90 ni wọ́n nílò kí wọ́n tó lè jókòó lórí àga kí wọ́n sì dìde bó ṣe yẹ. Ó ń dùn láti dé ibẹ̀, ó sì dára kí wọ́n lo oògùn ìrora ní wákàtí kan ṣáájú ìdárayá bí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Ní ti àwọn eléré ìdárayá tí ACL wọn (okùn tó so egungun itan mọ́ ti ojúgun nínú orúnkún) já tí wọ́n sì tún un ṣe, oṣù mẹ́sàn-án ni ààlà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Norway, tó jáde ní 2016, fi hàn pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi sún ìpadà sí pápá síwájú, títí di oṣù kẹsàn-án, ń dín ìfarapa mìíràn kù ní nǹkan bí ìdajì. Kí agbára iwájú itan ẹsẹ̀ yẹn sì tó ìdá 90 nínú 100 ti ẹsẹ̀ kejì kí wọ́n tó padà. Físíò tó bá fi kàlẹ́ńdà nìkan tú yín sílẹ̀ láì wọn agbára yẹn, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ẹ̀yìn dídùn

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn máa ń rọlẹ̀ púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ lọ físíò o, ẹ ò lọ o. Físíò tó jẹ́ olóòótọ́ á sọ èyí fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó ń tà fún yín nígbà yẹn ni ìfọ̀kànbalẹ̀, ọ̀nà tí ẹ ó fi máa mira, àti bí ẹ ó ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ kíákíá. Dídùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ pípẹ́ kò ṣe ẹ̀yìn kankan lóore. Bó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí irú ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́ yìí: wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́, ìdárayá, àti àwọn ìtọ́jú kan tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe, wọ́n ní kí a má ṣe fi bélíìtì ẹ̀yìn, fífa ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ, ultrasound (ẹ̀rọ tó ń fi ìró tí etí kì í gbọ́ ṣiṣẹ́) tàbí TENS (ẹ̀rọ tó ń ta iná wínníwínní sí ara) ṣe ìtọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Irú ìdárayá wo? Ìrìn, gbígbé ìwúwo, Pilates, kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ yọrí ju èkejì lọ. Èyí tí ẹ ó máa ṣe títí ni kí ẹ mú.

Ẹ̀rọ àti ọwọ́

Ultrasound wà lára àwọn tí wọ́n ń lò jù tó sì wúlò kéré jù. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa ojú ibẹ̀, wọ́n á máa yí orí ẹ̀rọ kiri fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò tí wọ́n ti tan án fún àwọn kan tí wọ́n sì pa á fún àwọn mìíràn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. A ò ní sanwó fún un.

TENS lè bo ìrora mọ́lẹ̀ nígbà tó wà lórí. Bó bá jẹ́ kí ẹ lè ṣe ìdárayá, ó dára. Bó bá dípò ìdárayá, ó ti di òfò. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí ọkàn nínú àyà kò gbọdọ̀ lò ó láì bi dókítà rẹ̀, wọn kì í sì í gbé e sí iwájú ọrùn tàbí sórí ikùn aláboyún. Ooru dára fún oríkèé tó gan, ìṣẹ́jú 15 ṣáájú ìdárayá. Àfi kí wọ́n ṣọ́ra fún ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ gbígbóná mọ́: ó lè jóná láìmọ̀ lábẹ́ iná pupa tí wọ́n fi ń mú ara gbóná. Ibi tí wọn ò bá ti fi omi gbígbóná àti tútù dán ara wò kí wọ́n tó tan iná náà, ẹ ní kí wọ́n má tàn án. Ẹ̀rọ shockwave, tó ń fi ìgbì ìró gbá ara, ní ẹ̀rí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún gìgísẹ̀ tó ń dùn láti ìsàlẹ̀ tí kò gbọ́ ìdárayá.

Wíwọ́ ara àti títẹ oríkèé ń mú ìrora rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wò ó bí ilẹ̀kùn tó ṣí fún ìgbà díẹ̀: ìdárayá ló gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yí ọrùn yín lójijì kó dún kàà láì kọ́kọ́ bi yín nípa òòyì, ìríran méjì, ọ̀rọ̀ tó ń wúwo lẹ́nu tàbí orí fífọ́ tí ẹ kò ní irú rẹ̀ rí.

Àrùn ẹ̀gbà àti èjìká tó dì

Àrùn ẹ̀gbà fẹ́ ojú ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan méjì kò ṣeé fò. Lẹ́yìn àrùn ẹ̀gbà, kì í ṣe pé bí wọ́n bá ti yára gbé aláìsàn dìde tó náà ló dára tó: ìdánwò ńlá kan tó jáde ní 2015, AVERT, rí i pé gbígbé e dìde lemọ́lemọ́ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ mú kí àbájáde burú díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe ní àìmọye ìgbà ni iṣẹ́: dìde lórí àga, na ọwọ́ mú ife, lójoojúmọ́. Èkejì ni apá tó rọ. Ẹbí máa ń fa apá yẹn láti gbé èèyàn dìde. Wọ́n á fa orí egungun kúrò nínú ihò rẹ̀ léjìká, ìrora yẹn á sì dí ìtọ́jú lọ́wọ́ fún oṣù púpọ̀. Ìbàdí ni kí wọ́n máa dì mú. Físíò tí kò bá kọ́ àwọn tó wà nílé ní èyí ti fi iṣẹ́ ńlá sílẹ̀.

Èjìká tó dì, tó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní ìtọ̀ súgà, lè gba ọdún kan sí mẹ́ta. Ní ìgbà tó ń ta gan-an, fífi agbára fà á ń bí i nínú sí i. Abẹ́rẹ́ dókítà láti pa ìrora, pẹ̀lú mímira tí kò le, ló wúlò nígbà yẹn. Fífà di ìgbà tó bá ń gan ju bó ṣe ń ta lọ. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni òun á fi tú u, iye tó ń gbà ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, kì í ṣe èjìká tó tú.

Bí a ṣe ń mọ ibi tó dára

Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó ìjókòó ogún sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n yẹ̀ yín wò, ẹ máa lọ. Ibi tí wọ́n bá ti gbé yín sórí ẹ̀rọ tí ẹni tó gbé yín sí i sì lọ bá ẹni mẹ́ta mìíràn, iye ìṣẹ́jú tó kù fún yín gan-an ni kí ẹ fi ṣírò owó yín. Ibi tó dára á rí yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, á wò ó bí ẹ ṣe ń ṣe ìdárayá, á yí i padà, á sì ní kí ẹ lọ ṣe é nílé. Ìjókòó orí fídíò kò burú rárá fún èyí. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ló yẹ kó jẹ́ ojúkojú, torí fóònù kò lè tẹ kókósẹ̀. Bí nọ́ńbà kankan kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe ní tòótọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yí ètò náà padà tàbí kí wọ́n dá yín padà sọ́dọ̀ dókítà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú yín sílẹ̀, ẹ gba bébà kan tó ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, ìdárayá méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó máa ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí ìrora bá tún yọjú: ẹ dín ìwúwo tàbí iye rẹ̀ kù sí ìdajì fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ máa fi kún un padà díẹ̀díẹ̀, bí kò bá sì rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pè wọ́n.